Ojú Tó Ń Wo Pòròpórò Láti Òkè Ọ̀run

Ẹ gbọ́ èyí ná! Pòròpórò àgbàdo tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilé wa ń dáná sun, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wò ó láti ojú ọ̀run. Sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ náà, 705 kìlómítà ló sì fi ga ju ilẹ̀ lọ.

Kí ni wọ́n ń wá lára pòròpórò? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà o. Ṣáájú ọdún 1930, àwọn àgbẹ̀ Kansas, Oklahoma àti Texas ti fi katakata hú koríko kúrò, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ọ̀dá dé, ẹ̀fúùfù tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 1935, eruku bo oòrùn, ọ̀sán dòru! Ọjọ́ Ìsinmi Dúdú ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà títí dòní. Àìmọye ìdílé ló kó ẹrù, wọ́n fi oko bàbá wọn sílẹ̀ lọ sí California.

Aṣọ ni pòròpórò jẹ́ fún ilẹ̀. Bí ó bá bo ìdá 30 nínú 100 lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gbin nǹkan tán, ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń wọ́ lọ á dín kù tó bí ìdajì. Òfin ọdún 1985 tilẹ̀ sọ pé àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ tètè ń ṣàn lọ, tí kò sì tọ́jú rẹ̀, lè pàdánù owó ìrànwọ́ ìjọba. Owó mà ti wọ̀ ọ́!

Okùn ni wọ́n fi ń wọn pòròpórò. Wọ́n á na okùn tó gùn ní 100 ẹsẹ̀ bàtà, tó ní àmì 100 lára, dábùú poro oko. Iye àmì tó bá bọ́ sórí pòròpórò ni wọ́n ń kà: 30 ni, ìdá 30 nìyẹn. Àwọn mìíràn á wa mọ́tò lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa fojú díwọ̀n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò na okùn dé gbogbo oko Iowa?

Ibẹ̀ ni sátẹ́láìtì ti wúlò. Lójú èèyàn, pòròpórò gbígbẹ àti erùpẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn. Àmọ́ cellulose, èròjà inú igi àti koríko, máa ń gbé irú ìmọ́lẹ̀ kan mì tí ojú wa kò lè rí. Erùpẹ̀ kì í gbé e mì bẹ́ẹ̀. Craig Daughtry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Beltsville, ní Maryland, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí rẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì Landsat tó gòkè láti ọdún 1982 lè rí apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà wà.

Síbẹ̀, òjò lè tan ẹ̀rọ náà jẹ, torí pòròpórò tútù kò hàn dáadáa. Kùrukùru lè dí i lójú. Bí àgbàdo tuntun bá sì ti yọ ewé, ó ti bọ́! Ìdí nìyí tí àwọn olókùn fi ṣì ń wọ oko, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹ̀rọ sọ.