“A Kò Rí I” Yàtọ̀ sí “Kò Sí”: Bí A Ṣe Ń Wá Phthalate nínú Ohun Ìṣeré Ọmọdé

Líle ni ike tí a ń pè ní PVC láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kí ó tó lè di bèbí rọ́bà tí ọmọdé ń tẹ̀, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ po èròjà tí yóò mú un rọ̀ mọ́ ọn. Phthalate ni orúkọ ọ̀wọ́ kẹ́míkà tí a ti lò jù lọ fún iṣẹ́ yìí. Kò so mọ́ ike náà gírígírí. Ó kàn wà láàárín rẹ̀ bí omi ṣe ń wà nínú kànìnkànìn. Nítorí náà, ó lè jáde sínú òróró tàbí itọ́ ọmọ tí ń ti ohun ìṣeré bọ ẹnu. Ìwádìí lára eku ti fi hàn pé àwọn kan nínú ọ̀wọ́ yìí ń dín họ́mọ̀nù akọ kù lára ọmọ inú oyún.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2008 kà á léèwọ̀ kí DEHP, DBP tàbí BBP ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ nínú ohun ìṣeré ọmọdé, èyíinì ni gíráàmù 1 nínú kílógíráàmù 1. Láti ọdún 2018, phthalate 8 ni òfin náà dè.

Àyẹ̀wò ìpele kìn-ín-ní yára. A ó fi wáyà bàbà gbígbóná kan ike náà, a ó sì dá a padà sínú iná. Bí ọwọ́ iná bá di àwọ̀ ewé, chlorine wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ PVC. Lẹ́yìn náà ni a ó tan ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú kò lè rí, sí i. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yìí lè fo phthalate tí kò pọ̀ dá, bí iye náà tilẹ̀ ju ohun tí òfin gbà lọ. Ìṣòro kejì ni ti ìjọra: DEHP àti DEHT ní átọ̀mù kan náà, iye kan náà; ètò wọn nìkan ni ó yàtọ̀. Síbẹ̀, DEHT kò sí lára àwọn 8 náà.

Ìdí nìyí tí ìpele kejì fi pọn dandan. A ó gé ike náà wẹ́wẹ́, a ó yọ́ ọ sínú tetrahydrofuran, a ó sì da hexane sí i kí ike lè sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Omi tí a bá sẹ́ ni ẹ̀rọ GC-MS yóò yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ náà ń ya èròjà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àkókò tí ó fi jáde, ó ń fọ́ mólékù rẹ̀, ó sì ń wọn èérún rẹ̀. Èérún 149 wọ́pọ̀ láàárín phthalate, nítorí náà kò lè dá orúkọ ẹnikẹ́ni. Èérún 293 ni a fi ń dá DINP mọ̀, 307 sì ni ti DIDP.

Bákan náà, a gbọ́dọ̀ yẹ omi tí a kò fi ike kankan sí wò, nítorí pé phthalate lè ti ara ìbọ̀wọ́ tàbí rọ́bà inú yàrá àyẹ̀wò wọlé.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí a bá ka èsì kan, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè: ìpele wo ni? Phthalate wo ni wọ́n wá? Iye tí ó kéré jù lọ tí ọ̀nà wọn lè rí ń kọ́? Láìsí ìdáhùn wọ̀nyí, “a kò rí i” kò tíì di “kò sí”.