Ọwọ́ Òsì Dà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbáwí ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, ọwọ́ òsì ni à ń fi fà á mọ́ra. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n bí a bá wo bí nǹkan ti ń lọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, yóò dà bí ẹni pé ààbọ̀ òwe náà ni a há sórí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ̀, ariwo méjì ni à ń gbọ́. Àwọn kan a ní, "Ẹ dá pàṣán padà, àìsí pàṣán ni ó ba ayé jẹ́." Àwọn mìíràn a ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ wa," wọn a sì gbéra láti lọ bá olùkọ́ jà. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn méjèèjì ń bá ara wọn fà: ọ̀kan ní kí ó máa nà, èkejì ní kí a so ó mọ́lẹ̀. Ta ni yóò bi wá léèrè ọwọ́ òsì?

ÌTUMỌ̀ ÌBÁWÍ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wò. Inú "bá" àti "wí" ni a ti ṣẹ̀dá "ìbáwí". Ẹni tí ó bá ọmọ wí, ọ̀rọ̀ ni ó bá a sọ. Ẹgba lè wà nínú ìbáwí, ṣùgbọ́n ẹgba kọ́ ni ìbáwí, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ti wà nínú ọbẹ̀ tí iyọ̀ kì í sì í ṣe ọbẹ̀.

Ní ilé Yorùbá, ojú ni ìbáwí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí àlejò bá ń jẹun tí ọmọ sì dúró tì í tí ó ń wò ó lẹ́nu, ìyá ọmọ náà kò ní sọ̀rọ̀. Yóò kàn wo ọmọ ni, ọmọ tí ó gbọ́ ojú yóò sì kúrò níbẹ̀. Bí ojú kò bá tó, ẹnu a tẹ̀lé e. A lè pa òwe fún ọmọ, a sì lè pa àlọ́ fún un ní alẹ́, kí ó gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ lára ìjàpá láìjẹ́ pé a dárúkọ rẹ̀. Bí ẹnu kò bá tó, a lè fi ohun tí ó fẹ́ dù ú, a lè ní kí ó kúnlẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo ìwọ̀nyí ni ó kan pàṣán.

Pàṣán pàápàá ní òfin tirẹ̀. A kì í na ọmọ lórí, a kì í sì í na ọmọ tí kò mọ ohun tí òun ṣe. Èyí tí ó ga jù nínú àwọn òfin náà ni ti onípẹ̀. Bí baba bá gbé pàṣán, àgbà tí ń kọjá lọ lójúde, ìbáà jẹ́ aládùúgbò lásán, a ní, "Ó tó, nítorí tèmi." Baba náà kò gbọdọ̀ na ọmọ náà mọ́, nítorí ẹni tí kò gba ìpẹ̀, òun náà ti di ẹlẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà yóò pe ọmọ sí iyàrá, yóò nu omijé rẹ̀, yóò fún un ní oúnjẹ, yóò wá sọ fún un pé, "Ohun tí baba rẹ fi nà ọ́ nìyí." Ọwọ́ òsì nìyẹn. Ẹni tí ń nà kọ́ ni ó ń rẹ̀ ọmọ lẹ́kún, nítorí ojú kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó.

Èmi kò sọ pé ayé àtijọ́ mọ́ bí ẹyin. A rí àwọn tí wọ́n fi ata sójú ọmọ, a sì rí àwọn tí wọ́n fi iná jó ọwọ́ ọmọ tí ó jí ẹran nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n òǹrorò ni àwọn ará ilé ń pe irú àwọn bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pe ìwà wọn ní ẹ̀kọ́.

BÍ PÀṢÁN ṢE WỌ ILÉ-ẸKỌ́

Ọdún 1859 ni ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa, CMS Grammar School, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Bí àwọn míṣọ́n ti ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri ni wọ́n ń mú ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọlé: pàṣán ọ̀gá, ìwé dúdú tí a ń kọ orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ sí, àti àwọn pírífẹ́ẹ̀tì tí ń pàṣẹ fún àwọn àbúrò wọn. Pàṣán òyìnbó bá pàṣán tiwa nílé, ni wọ́n bá dọ̀rẹ́. Ẹni tí kò bá wọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni onípẹ̀.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kò pọ̀, àléébù yìí kò hàn. Àárín ìlú ni olùkọ́ ń gbé. Ó mọ baba ọmọ, ó ń bá ìyá rẹ̀ pàdé lójà, ẹni tí yóò sì bá ọmọ bẹ̀ ẹ́ kò jìnnà. Nígbà tí ó di ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọdún 1979, àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso sọ ẹ̀kọ́ girama náà di ọ̀fẹ́. Oore ńlá ni. Ọmọ tálákà rí ìwé kà. Ṣùgbọ́n èrò kún kíláàsì, olùkọ́ kò sì lè mọ ojú gbogbo wọn, áḿbọ̀sì ilé wọn. Ibi tí a kò bá ti mọ ọmọ, pàṣán ni ọ̀nà àbùjá.

Àwọn àgbà tí ń ka ìwé ìròyìn yìí yóò rántí oṣù kẹta ọdún 1984, tí ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn gbé ogun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí WAI. Àwọn èrò tò sí ìlà ní ibùdókọ̀, nítorí kòbókò ń bẹ nítòsí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985 a gba ìjọba lọ́wọ́ wọn, kò sì pẹ́ tí ìlà fi tú. Ìwà tí ẹ̀rù pàṣán bí kì í pẹ́ lẹ́yìn pàṣán.

Ohun kan tún wà tí a ń ṣe tí a kò fura sí. Ní ọdún 1956, Tai Solarin àti aya rẹ̀ Sheila dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Níbẹ̀, oko ríro àti iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni a ń ní kí ó lọ gé koríko. Kí ni a fi ń kọ́ ọmọ àgbẹ̀ tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí? Pé ìyà ni iṣẹ́ tí baba rẹ̀ fi ń bọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1974 lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, ka ohun méje tí ẹ̀kọ́ àbáláyé ń lépa. Ìwà rere wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ̀ fún àgbà wà níbẹ̀, ìfẹ́ sí iṣẹ́ òótọ́ náà sì wà níbẹ̀. A kò lè fi ọ̀kan ṣe pàṣán fún èkejì.

ỌMỌ TÍ Ń PẸ́ DÉ

Ẹni tí yóò bá ayé wí, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá wí. Ní ọdún 2004, kí n tó di olùkọ́ ní yunifásítì, mo ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ẹkùn Ìbàràpá. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó àwọn tí ń pẹ́ dé. Ẹnu géètì ni mo máa ń dúró sí pẹ̀lú pàṣán. Ẹgba mẹ́ta ni ti ẹni tí aago bá lù kí ó tó dé. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹta tí orí rẹ̀ pé, tí òwe kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Kì í pẹ́ dé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́, ó máa ń pẹ́ gan-an. Bí mo bá nà án, kì í sunkún, kì í sì í bẹ̀bẹ̀. Mo kà á sí olórí kunkun, ni ẹgba mẹ́ta bá di mẹ́fà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo nà án níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, mo sì sọ pé ọ̀lẹ ni. Láti ọjọ́ kejì ni a kò ti rí i mọ́.

Nígbà tí ó pé ọ̀sẹ̀ kan, igbákejì ọ̀gá wa, ìyá àgbàlagbà kan tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì, ránṣẹ́ pè mí. Ó ti ṣí rẹ́jísítà sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni tíṣà, ẹ bá mi ka èyí." Ó ń fi ìka tọ́ka sí àwọn ọjọ́ tí ọmọ náà pẹ́ dé: ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì, ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ̀, ó sì tún kan ọjọ́ Ajé. Ó bi mí pé, "Kí ni ẹ rí níbẹ̀?" Mo ní n kò rí nǹkan kan. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọjọ́ ọjà ni."

Ara mi bù máṣọ. Ọjà ọrọọrún! Bí a bá ka ọjọ́ ọjà kan mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ni òmíràn ń bọ́ sí. Àwọn ọjà tí ó bọ́ sí Àbámẹ́ta àti Àìkú, tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́, nìkan ni kò hàn nínú rẹ́jísítà. Èmi tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ ọmọ náà bí Yorùbá ti ń ka ọjọ́ ọjà, n kò dá a mọ̀ nígbà tí ó dúró níwájú mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwa méjèèjì wá ilé rẹ̀ lọ. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó ń tọ́ ọ. Ẹ̀lúbọ́ ni ìyá náà ń tà, ẹsẹ̀ kò sì gbé e dáadáa mọ́. Ọmọ náà ni ó ń ru ẹrù lọ sójà ní ìdájí, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó tó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Kò sọ fún wa, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé ìyá òun ni ó ń fa òun sẹ́yìn. Ìyá náà kò bú mi. Ó ní, "Tíṣà, bí ó bá ṣẹ̀, ẹ bá mi nà án. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í." Gbólóhùn yìí dùn mí ju bí ẹgba mi ti lè dun ọmọ rẹ̀ lọ.

Igbákejì ọ̀gá bẹ ìyá náà, ó bẹ ọmọ náà, èmi náà sì ní kí ó má bínú. A ṣe àdéhùn pé ní ọjọ́ ọjà, yóò wọlé nígbà tí aago ẹ̀kọ́ kejì bá lù, yóò sì dúró lẹ́yìn tí a bá jáde láti kọ iṣẹ́ tí ó fò ó. Ó padà wá, ó sì pa àdéhùn náà mọ́. Ṣùgbọ́n títí sáà náà fi parí, kò nawọ́ mọ́ láti dáhùn ìbéèrè kankan ní kíláàsì mi. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo ń wò láti ìgbà náà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a bi ọmọ kí a tó dá a lẹ́jọ́. Kí ìyà jọ ẹ̀ṣẹ̀: ẹni tí ó fọ́ àga, kí ó bá káfíńtà tún un kàn, ẹni tí ó bú ẹlòmíràn ní gbangba, kí ó tọrọ àforíjì ní gbangba. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan onípẹ̀, àgbà olùkọ́ kan tí kò ní na ẹnikẹ́ni, tí ọmọ lè bá sọ̀rọ̀ kí ìdájọ́ tó wáyé, tí yóò sì fà á mọ́ra lẹ́yìn ìdájọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sì gbà wọlé ní ọdún 2007, ní a kò gbọdọ̀ fi ìyà tí ń tàbùkù ẹni jẹ ọmọ. Àwọn kan ń pè é ní òfin òyìnbó. Àgbà tí ń kọjá lójúde tí ó ní "ó tó" ti ń ṣe é kí a tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń mu igbó ńkọ́? Èyí tí ó wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn, tàbí èyí tí ó yọ ọ̀bẹ sí olùkọ́ ńkọ́? Ìpẹ̀ kì í ṣe ìbòjú fún ọ̀daràn. Ohun tí ó bá ju agbára ilé-ẹ̀kọ́ lọ, kí a pe òbí, bí ó bá sì tó ti ọlọ́pàá, kí a pè wọ́n. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ: ẹni tí ó lè yọ ọ̀bẹ kò bẹ̀rù ẹgba mẹ́fà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni ojú àkọ́kọ́ nínú igba ojú náà. Òbí tí ó kó jàǹdùkú lọ lu olùkọ́, tàbí tí ó ra ìdáhùn ìdánwò fún ọmọ rẹ̀, ti gé ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi àánú tí a bá ní sí yín ṣe àṣejù. Bí ẹ bá sì ní àwíjàre, ẹ wí i. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì kúrò lára wa, òsì náà sì wà níbẹ̀. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí a na ọmọ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi.