Àká àti Kọ̀ńténà: Bí A Ṣe Ń Fi Ètò Ìṣọ́ Kọ̀ǹpútà Lélẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ti ń fi ètò tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lélẹ̀ nínú kọ̀ńténà, tí a sì ń so ó mọ́ ibi tí a ń kó dátà pamọ́ sí. Zabbix ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Alexei Vladishev, láti orílẹ̀-èdè Latvia, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2001. PostgreSQL ni yóò máa bá a pa dátà mọ́. Docker ni yóò sì pèsè kọ̀ńténà.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ mélòó kan. Ibi ìpamọ́ dátà ni n ó máa pè ní àká, nítorí pé gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé ohun tí a kó sínú àká ni a óò jẹ nígbà tí oko bá ṣófo. Ètò kékeré tí a fi sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan láti máa ròyìn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni n ó pè ní alamí, bí àwọn ológun àtijọ́ ti ń pe ẹni tí wọ́n rán ṣáájú lọ wo ibùdó ọ̀tá. Ní ti kọ̀ńténà, àwọn kan ti dá a lábàá pé kí a pè é ní àpótí ẹrù. N kò rí ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọjá ní Àpápá rí mọ kọ̀ńténà.

Orúkọ náà kò sì ṣàdédé wá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ ojú omi Malcom McLean tí a ń pè ní Ideal X gbéra láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú kọ̀ńténà 58. Ohun tuntun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù kò tún ní í béèrè ohun tí ó wà nínú àpótí mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó nílò láti mọ̀ ni bí àpótí náà ti tóbi tó. Èrò yìí kan náà ni Docker mú wá sínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n gbé e síta ní oṣù kẹta ọdún 2013. A di ètò kan àti gbogbo ohun tí ó nílò pọ̀ sínú bátànì kan, a sì lè ti inú bátànì náà ṣí kọ̀ńténà lórí kọ̀ǹpútà tí ó bá ní Docker tí bátànì náà sì bá irú rẹ̀ mu, láìbéèrè ohun tí ẹlòmíràn ti fi sórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kọ̀ńténà jẹ́ kọ̀ǹpútà odindi. Bí yàrá inú ilé kan ni ó rí: ìlẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìpìlẹ̀ kan náà.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ètò ìṣọ́ ni àgbà ọjà náà. Àwọn alamí a máa jíṣẹ́ fún un: bí díìsìkì ti kún tó, bí iṣẹ́ ti wọ kọ̀ǹpútà lọ́rùn tó, bóyá ojú ewé ilé-ẹ̀kọ́ ṣì ń ṣí. Ìròyìn kọ̀ọ̀kan ni yóò fi wé òdiwọ̀n tí a ti fún un. Bí ó bá kọjá òdiwọ̀n, yóò fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́. Kọ̀ńténà mẹ́ta ni a sábà máa ń lò fún iṣẹ́ yìí. Èkíní ni ọkàn Zabbix fúnra rẹ̀, tí ń gba ìròyìn ní ẹnu ọ̀nà 10051. Èkejì ni ojú ewé tí a fi ń wò ó. Ẹ̀kẹta sì ni àká. Àwọn alamí ń dáhùn ní ẹnu ọ̀nà 10050. Ẹnu ọ̀nà àká, tí í ṣe 5432, kò gbọdọ̀ ṣí sí ìta rárá, nítorí kò sí àlejò tí ó ní iṣẹ́ nínú àká. Bákan náà, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé tí Zabbix bá dé, nítorí pé ọ̀kan náà ni ní gbogbo ayé.

Níhìn-ín ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Kọ̀ńténà kì í ní ìrántí. A dá a kí a lè pa á rẹ́ kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá kọ sínú rẹ̀ a máa bá a lọ ní ọjọ́ tí a bá pa á rẹ́. Àká, ní tirẹ̀, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ìrántí lọ. Nítorí náà, bí a bá fi àká sínú kọ̀ńténà, a ní láti yọ inú rẹ̀ síta, kí a gbé e ka orí díìsìkì kọ̀ǹpútà tí ó gba gbogbo wọn lálejò, kí a sì fún ibẹ̀ ní orúkọ. Nínú bátànì PostgreSQL títí dé ẹ̀dà 17, /var/lib/postgresql/data ni ibi tí a óò so mọ́ díìsìkì náà. Láti ẹ̀dà 18, /var/lib/postgresql ni. Ẹni tí ó bá kàn da ìlà àtijọ́ kọ sínú ètò tuntun lè so okùn mọ́ ibi tí ẹran kò sí.

Ohun tí ó burú jù nínú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ó lè má pariwo. Bí PostgreSQL bá jí tí ó bá ibi ìpamọ́ rẹ̀ ní òfìfo, yóò gbà pé ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí, yóò sì kọ́ àká tuntun. Zabbix náà yóò wọ inú àká tuntun yìí, kò ní í bá nǹkan kan, yóò sì tẹ́ gbogbo tábìlì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ewé yóò ṣí dáadáa. Ó dà bí ẹni pé olùṣọ́ ogún ọdún ti lọ lóru, tí ẹlòmíràn wọ aṣọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ olè yàtọ̀ sí onílé.

Àwọn kan wà tí wọ́n sọ pé nítorí èyí, àká kò gbọdọ̀ wọ inú kọ̀ńténà láéláé. Èrò tèmi ni pé fún ilé-iṣẹ́ kékeré kò sí ewu níbẹ̀, bí a bá ti yọ inú rẹ̀ síta bí mo ti wí. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà tí à ń ṣọ́ bá pọ̀, ẹ fún àká ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí a bá ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà 50, tí a sì ń béèrè ohun 100 lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìròyìn 7,200,000 ni yóò wọ àká lóòjọ́. Àwọn tí ó ṣe Zabbix fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ìròyìn onínọ́ńbà kan gba nǹkan bíi báìtì 90. Èyí jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 648 lójúmọ́, àti gígábáìtì 19 ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ìdí nìyí tí Zabbix fi ń ṣe bí àgbẹ̀ tí ó ń pa àgbàdo tí ó sì ń pa hóró rẹ̀ nìkan mọ́: fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ń tọ́jú èyí tí ó kéré jù, èyí tí ó pọ̀ jù, ìpíndọ́gba wọn, àti iye ìgbà tí ìròyìn wọlé. Irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún kò ju gígábáìtì 4 lọ nínú àpẹẹrẹ wa.

Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ti ń lọ láìdágbére, ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ń ṣẹlẹ̀ sí àká nígbà tí iná bá lọ lójijì. PostgreSQL a máa kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sínú ìwé kan kí ó tó fọwọ́ kan àwọn tábìlì rẹ̀. Bí iná bá dé, yóò ka ìwé náà, yóò sì parí ohun tí ó kù. Ààbò gidi ni èyí lọ́wọ́ iná, ṣùgbọ́n kò lè gbà wá lọ́wọ́ ara wa. Bí a bá gbé ẹ̀dà Zabbix tuntun dé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún ìlànà àká ṣe nígbà tí ó bá jí, kò sì sí ọ̀nà àbọ̀ fún àká tí a ti tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ gan-an sínú fáìlì Docker yín, ẹ má ṣe kọ pé kí ó mú èyí tí ó tuntun jù wá. Kí ẹ sì ṣe àdàkọ àká ṣáájú.

Àdàkọ nìkan kò sì tó. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, ní ilé-iṣẹ́ GitLab, òṣìṣẹ́ kan tí ń tún àká PostgreSQL ṣe rò pé orí kọ̀ǹpútà kejì ni òun wà, ó sì pa dátà rẹ́ lórí èyí tí aráyé ń lò. Wọ́n wá àdàkọ, wọn kò rí i. Ètò tí ń ṣe àdàkọ jẹ́ ti ẹ̀dà 9.2, àká sì jẹ́ ti ẹ̀dà 9.6, nítorí náà kò ṣe nǹkan kan. Ó ń fi lẹ́tà ìkìlọ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń gba lẹ́tà ń dá wọn padà nítorí pé wọn kò ní ẹ̀rí ẹni tí ó fi wọ́n ránṣẹ́. Ẹ̀dà kan tí ẹnìkan ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni ó yọ wọ́n. Ohun tí ó wọlé láàrin wákàtí mẹ́fà náà kò padà. GitLab fúnra rẹ̀ ni ó tẹ ìtàn yìí jáde fún gbogbo ènìyàn, mo sì yìn wọ́n fún un.

Ẹ kíyè sí i pé ìdákẹ́jẹ́ ni ó tàn wọ́n. Nínú Zabbix, òdiwọ̀n kan wà tí ń jẹ́ nodata: bí ìròyìn kò bá dé láàrin ìṣẹ́jú tí a dá, àìdé náà yóò di ìkìlọ̀. Ẹ fi í ṣọ́ àdàkọ àká. Kí ètò àdàkọ máa fi iṣẹ́ jẹ́ Zabbix ní gbogbo ìgbà tí ó bá parí dáadáa. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ náà kò bá dé, kí a dá ẹnìkan lóró nínú oorun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀: bí Zabbix fúnra rẹ̀ bá kú, kò lè sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kékeré kan, nínú ilé mìíràn, lórí iná mìíràn, ni ó yẹ kí ó máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ wò.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ mú àdàkọ ti àná, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan kan lórí, ẹ ṣí kọ̀ńténà tuntun lé e. Ẹ wọlé, ẹ wá kọ̀ǹpútà kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí ẹ wò ó bóyá ìlà inú àwòrán rẹ̀ dé alẹ́ àná. Ẹ kọ iye wákàtí tí iṣẹ́ náà gbà sílẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ọ̀gá yín yóò ti rí i.