Bí Ẹ̀kọ́ Iná Ṣe Bọ́ Sínú Páálí Tọ́mọdé Lè Gbé

Ẹni tó bá lọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà láwọn ọdún tó tẹ̀ lé 1982 á rántí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Intro Tech (Introductory Technology). Ọdún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlànà ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, wọ́n sì ní kí gbogbo ọmọ tó bá wọ girama kọ́ iṣẹ́ ọwọ́: bí wọ́n ṣe ń lo ayùn, bí wọ́n ṣe ń rẹ́ irin, bí iná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Èrò rere ni. Ìjọba náwó sí i, wọ́n kó ẹ̀rọ wọlé láti òkè òkun, wọ́n sì pín in káàkiri. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni kò ní yàrá tí wọ́n máa gbé e sí, iná kò sí, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò kò sì tó nǹkan. Inú àpótí tó bá dé ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà dípẹtà sí. Àwọn ọmọ ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n yege ìdánwò, wọn kò fọwọ́ kàn án rí.

Ó yẹ ká rántí èyí bí a bá ń wo páálí ohun èlò ẹ̀lẹ́kítírọ́níìkì ọmọdé tí wọ́n ń polówó fáwọn òbí báyìí. Ẹ wo àwọn ìlú bíi Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ nítòsí Èkó: wọ́n kún fún àwọn tó sá fún owó ilé Èkó. Bí èrò ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń pọ̀, inú ilé gbígbé sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ibo ni wọ́n fẹ́ rí kọ́ yàrá iṣẹ́ bíi ti Intro Tech sí? Àmọ́ páálí yìí kò bèèrè yàrá, kò sì bèèrè iná NEPA. Orí tábìlì ọmọ tó o, bátìrì ló sì ń lò.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ Kosmos gbé Radiomann jáde lọ́dún 1934, kí ọmọdé lè fọwọ́ ara rẹ̀ to rédíò. Ṣùgbọ́n ìlú Ivrea ní Ítálì ni ohun tó kàn wá jù lọ ti ṣẹlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ẹ̀rọ. Owó pátákó ẹ̀rọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń lò, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ mìíràn, súnmọ́ 100 dọ́là. Hernando Barragán, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Colombia, ṣe èyí tó rọrùn jù ú lọ, ó sọ ọ́ ní Wiring. Lórí iṣẹ́ rẹ̀ ni Massimo Banzi, olùkọ́ níbẹ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ Arduino lọ́dún 2005, wọ́n sì fẹ́ kí owó rẹ̀ má ju bí 30 dọ́là lọ.

Lásìkò náà, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti ń kógbá sílé. Kí iṣẹ́ wọn má bàa bá a lọ, wọ́n fi àwòrán pátákó náà síta, pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó máa ṣe é. Lójú tèmi, nǹkan méjì yìí, owó kékeré àti àwòrán tí wọ́n yọ̀ǹda, ló mú kó débi tiwa. Àwọn ará Ṣáínà ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, owó rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an, ó sì di ohun téèyàn lè rà l'Ékòó lónìí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2016, BBC àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ pín micro:bit fún nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ ọdún 11 sí 12, lọ́fẹ̀ẹ́. Pátákó náà kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, gílóòbù kéékèèké 25 àti bọ́tìnnì méjì sì wà lójú rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá náà wà nínú ìtàn yìí. Nàìjíríà ni wọ́n bí Silas Adekunle sí. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tó dé Britain. Nígbà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ róbọ́ọ̀tì ní University of the West of England ní Bristol, ó máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó sì rí bí ojú wọn ṣe ń là bí róbọ́ọ̀tì bá dé iwájú wọn. Ó dá Reach Robotics sílẹ̀ lọ́dún 2013. MekaMon, róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ṣe, dé ṣọ́ọ̀bù Apple lọ́dún 2017. Orí mi wú nígbà tí mo kà á. Àmọ́ bíi pọ́n-ùn 300 ni wọ́n ń tà á, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé lọ́dún 2019.

Èyí tó bá àpò wa mu jù wá láti Ghana. Charles Ofori Antipem àti Michael Asante-Afrifa, tí wọ́n dá Dext Technology sílẹ̀, ṣe páálí kan tí wọ́n pè ní Science Set. Kò tóbi ju ìwé kíkà lọ, ó ń wọ inú báàgì ilé ẹ̀kọ́, ohun tó wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ọmọ náà gan-an ló sì ń fi hàn án. Bíi 15 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé e.

Kí lọmọ máa ń fi irú páálí bẹ́ẹ̀ ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ ká mú gílóòbù tí wọ́n ń pè ní LED. Ẹsẹ̀ méjì ló ní, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Èyí tó gùn gbọ́dọ̀ wà níhà tí àmì àròpọ̀ wà lára bátìrì. Bọ́mọ bá fi í sódì, kò ní tàn. Láàárín LED àti bátìrì 9 volts, ọmọ gbọ́dọ̀ ki resistor bọ̀ ọ́, irú èyí tó ní ìlà aláwọ̀ ọsàn méjì àti búráùn kan, tí í ṣe 330 ohms. Bó bá yọ ọ́ kúrò, LED á tàn yòò, á sì jó. Kò ní ṣòro mọ́ fún ọmọ tó bá ti jó ẹyọ kan láti gbà pé resistor ń dín agbára iná kù. Ọ̀pọ̀ wa há òfin Ohm, tó ṣàlàyé èyí, sórí láì rí ohun tó ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ń rà á, ẹ má wo àwòrán aláràbarà tó wà lójú páálí. Ẹ ṣí i wò: ṣé bátìrì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò ló ń lò? Ṣé ẹyọ tó bá bàjẹ́ ṣeé rà lọ́tọ̀? Kí olùkọ́ kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo rẹ̀ tán kó tó gbé e wọ kíláàsì. Kẹ́ ẹ sì ra LED àti resistor kún un, torí àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tán.