Apẹ̀rẹ̀ Tòmátì àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu ní Mile 12

Ọjà Mile 12, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni ọkọ̀ àjàgbé ti ń já tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tí wọ́n kó wá láti Kánò, Kàdúná àti àwọn ìlú mìíràn lókè ọya. Ọ̀nà Kánò sí Èkó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ooru sì ń mú ẹrù lójú ọ̀nà, débi pé nígbà tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì bá fi balẹ̀ ní Mile 12, ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí ó bàjẹ́. Ẹni tí yóò tà á gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kí ó sì tètè sọ ọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òǹtàjà mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, oníbàárà kò sì mọ̀ ọ́n. George Akerlof, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé irú àìdọ́gba ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1970, ó sì fi ọjà ọkọ̀ àlòkù ṣe àpẹẹrẹ: bí olùrà kò bá lè mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, owó pọ́ọ́kú ni yóò yọ fún gbogbo rẹ̀, ẹni tí ojúlówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì kó ọjà rẹ̀ kúrò. Michael Spence, tí òun àti Akerlof jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2001, fi kún un ní 1973 pé àmì tó bá ná ẹni tó ṣe é ní nǹkan ni ẹlòmíràn máa ń gbà gbọ́. Nítorí náà, òǹtàjà tó da apẹ̀rẹ̀ síta kí wọ́n tó bi í, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ti ìsàlẹ̀ ti rọ̀, ọbẹ̀ òní ló yẹ ẹ́, ti pàdánù díẹ̀ lára owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó bá sọ nípa ti òkè ti di òtítọ́ létí olùrà. Ìgboyà tó ń ta ọjà nìyẹn. Ariwo kò lè ṣe é.

Ẹ̀rí mìíràn pé òtítọ́ ló ń ta ọjà wà ní Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá ní Ìbàdàn, tí Abner Cohen, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, kọ ìwé lé lórí ní 1969. Ó rí i pé àwìn àti ìgbẹ́kẹ̀lé ló gbé òwò obì àti màlúù àwọn Haúsá ró: maigida, ìyẹn ẹni tó ń gba oníṣòwò àlejò sílé tó sì ń bá a wá olùrà, ló ń dúró fún gbèsè bí olùrà kò bá san án. Irú alárinà bẹ́ẹ̀, tó gbọ́ èdè olùtà àti ti olùrà, tó mọ ìgbà tí ìkíni yẹ kó ṣáájú iye owó, kò lè fi irọ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí orúkọ rẹ̀ ni ohun ìdúró rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ọjà yìí kan iṣẹ́ ọ́fíìsì náà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì gbà pé Òyìnbó sísọ geerege àti ohùn líle ni ìgboyà. Èrò náà kò tọ̀nà. Kí ẹni tó ń wá iṣẹ́, tàbí tó fẹ́ kí ọ̀gá fi kún owó oṣù rẹ̀, dárúkọ iye tó fẹ́ láìfọ̀rọ̀ falẹ̀, kí ó fi iṣẹ́ tó ti ṣe gbè é lẹ́sẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì dé kí ẹlòmíràn tó bá a sọ ọ́.