Ṣé O Mọ̀? Oògùn Kòkó Kì í Gba Imú Nìkan Wọlé

Ṣé o mọ̀ pé Gàmálínì, oògùn tí àwọn bàbá wa fi fín kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ? Lindane ni orúkọ èròjà inú rẹ̀. Ní oṣù Òkúdu ọdún 2015 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, kó o sí ìsọ̀rí kìíní, níbi tí tábà wà. Jẹjẹrẹ tí wọ́n rí pé ó ń fà ni èyí tó máa ń yọ kókó sí ọrùn, abíyá àti ìhà abẹ́. Non-Hodgkin lymphoma ni àwọn dókítà ń pè é.

Ọmọ Ìgbàyè, Òkukù, Ìnísà tàbí Ìkìrun tó bá ka èyí á rántí ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ àgbà agbègbè yìí ló filé sílẹ̀ lọ dá oko kòkó sí ìhà Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó. Kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó kò jẹ́ kí oko so, Gàmálínì sì rẹ́yìn rẹ̀. Owó kòkó yẹn ló rán àwọn ọmọ níwèé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọn lẹ́bi: oògùn ni wọ́n fún wọn, wọn kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn.

Wo bí wọ́n ṣe ń fín in. Àgbẹ̀ á da oògùn sínú garawa omi, á fi igi rò ó. Bí kò bá sí igi nítòsí, ọwọ́ ni. Bí ẹnu pọ́ǹpù bá dí, á tú u, á fi ẹnu fẹ́ ẹ. Igi kòkó ga jù ú lọ, òkè ló ń fín in sí, ìrì oògùn á sì máa sẹ̀ padà sí i lójú, lọ́rùn, léjìká. Pọ́ǹpù tó ń jò á rin ín láti ẹ̀yìn títí dé ìdí ṣòkòtò. Ṣòkòtò yẹn á gbẹ sí i lára, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó bọ́ ọ.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí ṣòkòtò ti rin yẹn gan-an ni oògùn ti ń wọlé jù? Ní ọdún 1971, Howard Maibach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọn bí oògùn kòkòrò kan, parathion, ṣe ń gba awọ ara wọlé. Iwájú orí fà á tó ìlọ́po mẹ́rin ti apá. Awọ kórópọ̀n fà á tó nǹkan bí ìlọ́po méjìlá. Bẹ́ẹ̀, imú ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń fi aṣọ dì, wọ́n á ní àwọn ti dáàbò bo ara.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí kò gbé pọ́ǹpù rí lè jẹ nínú rẹ̀? Ìyàwó tó ń fọ aṣọ oko ń fọwọ́ kan oògùn náà, ó sì lè ran aṣọ ọmọ tó bá wà nínú ọpọ́n kan náà. Ní Iowa àti North Carolina, láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń tọpa àwọn àgbẹ̀ àtàwọn ìyàwó wọn, iye wọn tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún (89,000). Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti rí i pé àwọn tó lo lindane ń ní lymphoma ju àwọn tí kò lò ó lọ. Omi tí a fi fọ pọ́ǹpù dànù ńkọ́? Ìṣàn kékeré tó wà létí oko ló ń gbé e lọ, ìṣàn kékeré ló sì ń para pọ̀ di odò.

Ṣé o mọ̀ pé ó lè pẹ́ gan-an kó tó fara hàn? Ní àfonífojì Mosel ní Jámánì, oògùn tó ní arsenic ni wọ́n fi ń fín ọgbà àjàrà. Wọ́n fòfin dè é ní ọdún 1942, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, jẹjẹrẹ awọ ara, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ ṣì ń yọ lára àwọn tó fín in. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí àìsàn bá fi máa dé lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó máa rántí pọ́ǹpù mọ́, ẹbí á ní ayé ló ṣe é.

Oògùn kò rí bákan náà, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Glyphosate, oògùn apakoríko tó kún ọjà, IARC ní ó jọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Iléeṣẹ́ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà ní kò jọ bẹ́ẹ̀. Dichlorvos, tí a mọ̀ sí Sniper, wà ní ìsọ̀rí tó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìsọ̀rí kìíní ni IARC kó lindane sí ní tirẹ̀. NAFDAC ti fòfin de oògùn apakoríko méjì: paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 2024, àti atrazine láti ọdún 2025.

Ṣé o mọ̀ pé ibì kan wà tí ìjọba ti gbà pé iṣẹ́ oko ló kó jẹjẹrẹ bá òṣìṣẹ́? Ní Martinique àti Guadeloupe, erékùṣù méjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà pọ̀ sí jù, wọ́n lo oògùn kòkòrò kan, chlordecone, ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ọdún 1972 títí di 1993. Ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú àgbàlagbà mẹ́wàá ibẹ̀ tó ní in nínú ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé kọ jẹjẹrẹ prostate sínú ìwé àìsàn iṣẹ́ fún àwọn tó fi oògùn oko ṣiṣẹ́, wọ́n sì lè gba owó gbà-má-bìínú lé e. Àgbẹ̀ tiwa ni ọ̀gá ara rẹ̀. Lọ́wọ́ ta ni yóò ti béèrè owó?

Ẹni tó ṣì ń fín oògùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kó wọ̀, kì í ṣe ti aṣọ. Kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́, kó fi ọṣẹ wẹ̀ ní kété tó bá ṣe tán, kí wọ́n fọ aṣọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Gálọ́ọ̀nù tó ṣófo, kó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó dá a lu. Epo pupa kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Bàbá tó fín Gàmálínì láyé ọjọ́un, bí kókó tí kò dùn ún bá yọ sí i lọ́rùn, lábíyá tàbí nídìí itan, tó sì kọ̀ tí kò lọ, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ. Dókítà lè bi í bóyá ó ń mu sìgá, kó má bi í léèrè oògùn kòkó. Kí bàbá fúnra rẹ̀ dárúkọ oògùn náà, kó sì sọ iye ọdún tó fi fín in.