Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́ta kan ní Òkè-Ogbo, ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó sùn ní àlàáfíà ní alẹ́, ṣùgbọ́n tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ, tí kò sì lè gbé e nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ yóò fi òróró pa á. Ìyá àgbà yóò ní afẹ́fẹ́ búburú ni ó fẹ́ lù ú. Bàbá yóò di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ọjọ́ sì ń lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnì kan wà tí ó yẹ kí ó ti gbọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀ pé ó wà rárá.

Ẹni náà ni òṣìṣẹ́ tí ń ṣọ́ àrùn ní ẹ̀ka ìlera ti ìjọba ìbílẹ̀. Nínú ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà ní Nàìjíríà, ìlànà ni pé kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ti Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀, tí ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 188,087 sí, Òkè-Ogbo gan-an ni ibùjókòó rẹ̀ wà. Àwọn àgbà tí ó rántí wolé-wolé ayé àtijọ́, tí í máa yọjú wo inú àmù wa, kí wọ́n má ṣe rò pé iṣẹ́ kan náà ni. Wolé-wolé ń wá ẹ̀gbin. Èyí ń wá ìròyìn.

Bí ìròyìn ọmọ wa yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ èyíkéyìí tí kò tíì pé ọdún 15, tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé rọ, a ó gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wákàtí 24 ó kéré tán wà láàrin èkínní àti èkejì, kí ọjọ́ 14 má sì tíì kọjá láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. A ó kó wọn sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, a ó sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Ìbàdàn, kí a lè mọ̀ bóyá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni. Bí yìnyín bá yọ́ lójú ọ̀nà, iṣẹ́ náà lè di asán. Ìmúrasílẹ̀ fún àjàkálẹ̀-àrùn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ ìwé ńláńlá lé lórí, kì í ju èyí lọ nígbà mìíràn: kúlà tí ìdérí rẹ̀ dé dáadáa, yìnyín, owó ọkọ̀, àti ẹni tí a kọ́ tí ó mọ ọjọ́ í kà.

Àwọn kan yóò wí pé a ti ṣẹ́gun àrùn yìí, nítorí pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé irú rẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti tán ní Áfíríkà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú kejì wà, tí í jáde láti inú kòkòrò tí a sọ di aláìlágbára fún àjẹsára, tí í tún gba agbára níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba àjẹsára. A ṣì rí i ní Nàìjíríà lẹ́yìn ìkéde náà.

Ẹ̀kọ́ pé ìròyìn ṣáájú oògùn kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, dókítà míṣọ́nárì kan, William Foege, wà ní apá Ogoja nígbà tí ṣànpọ̀nná bẹ́ sílẹ̀. Àjẹsára ọwọ́ rẹ̀ kò tó láti bùpá fún gbogbo ènìyàn. Ó fi rédíò bá àwọn míṣọ́nárì agbègbè náà sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn abúlé, kí wọ́n wádìí ibi tí àrùn náà wà gan-an. Àwọn tí ó yí ibẹ̀ ká ni a bùpá fún, àrùn náà sì kú. Ọ̀nà yìí ni a tọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, títí ayé fi bọ́ lọ́wọ́ ṣànpọ̀nná ní ọdún 1980.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí aláìsàn kan gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014. Àwọn tí a ti kọ́ nítorí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni a kó jọ. Wọ́n tọpa ènìyàn 894 tí ó ti fara kan àwọn aláìsàn, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò tó ìgbà 18,500. Ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú; mẹ́jọ kú, Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ náà jáde, sì wà nínú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Èkó jìnnà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, ènìyàn 127 ti Côte d'Ivoire dé, a sì sé wọn mọ́ ní Ẹ̀jìgbò, ní Ọ̀ṣun wa níhìn-ín. Ibà Lassa, tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ń gbé wọ inú oúnjẹ, ń yọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ó bá wa pààlà lẹ́nu lọ́dọọdún. Onígbáméjì pa ju ènìyàn 3,500 lọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2021.

Ní ọdún 2021 kan náà ni àwọn onímọ̀ gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀, tí a sì fi Nàìjíríà ṣe ọ̀kan nínú ilẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ tí a dán an wò: kí a fura sí àrùn láàrin ọjọ́ 7 tí ó bẹ̀rẹ̀, kí a ròyìn rẹ̀ láàrin ọjọ́ 1, kí gbogbo iṣẹ́ ìdènà àkọ́kọ́ sì parí láàrin ọjọ́ 7. Ọjọ́ 7 ti ìṣáájú yẹn, ní èrò tèmi, inú ilé wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣòfò sí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé nìkan. Láti oṣù Kejì ọdún 2025, ìjà òṣèlú lórí ẹni tí yóò jókòó sí àga ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀ṣun lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò ní ọ́fíìsì wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, a sì dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà dúró. Àrùn kì í bi wá léèrè ẹgbẹ́ tí a wà. Ní ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo ti lọ sí èyí tí a ti mú báàgì àti ìrẹsì bọ̀, tí a kò mú ohun mìíràn bọ̀. Èyí tí ó wúlò ni èyí tí a fi ń ṣe ìdánrawò: kí a ṣe bí ẹni pé onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kan, kí a wo ẹni tí yóò tẹ ta láago, kí a wo iye wákàtí tí ọkọ̀ yóò fi gbéra. Kí a sì pe àwọn agbẹ̀bí, onígbàjámọ̀, àwọn tí ń ta oògùn, àti olùkọ́ ilé-ìwé sí i, nítorí àwọn ni aláìsàn ń kọ́kọ́ bá pàdé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ béèrè nọ́ńbà òṣìṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín, kí ẹ kọ ọ́ sí ara kàlẹ́ńdà. Bí ìyá ọmọ wa bá gbé e lọ ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 13 ṣì kù fún ìgbẹ́ méjèèjì láti dé inú yìnyín. Bí ó bá kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì fi òróró pa á, ọjọ́ náà ti pé.